Òróró tí Ìyá Sanmí Fi Ránṣẹ́

Abà Ẹlẹ́kùrọ́, lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 1997.

Sanmí Àlàó ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Títílọpẹ́ aya rẹ, mo sì kí Tèmídayọ̀ tí mo ń fi ẹnu kí láìtíì fojú kàn án. Ẹ kú òtútù o. Àwa náà ń bẹ. Gbágùúdá pọ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n epo tí ẹ̀rọ ìlọ̀ mi ń mu ti gbówó lórí. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé n kò ní tan ẹ̀rọ nítorí agbọ̀n kan mọ́. Kí wọ́n kó ara wọn jọ kí n tó yí i. Wọ́n ní ahun ni mí. Mo ní ahun tó ní ẹ̀rọ sàn ju ọ̀làwọ́ tó ń fọwọ́ rin gbágùúdá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ rèé, mo sì ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ kí ó lè gbà sójú ìwé kan. Ojú mi ń ṣú. Ti òsì ti lọ pátápátá. Dókítà ojú ní Ìbàdàn yẹ̀ mí wò, ó ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ṣí bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, egbòogi kàn lè dá a dúró díẹ̀ ni. Ti ọ̀tún ṣì ń ríran láàárín, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣókùnkùn, bí ẹni ń yọjú láti inú ìgò. Mo bi í pé ó ku ìgbà wo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, kì í ṣe gáàrì tí a ń fi kóńgò wọ̀n." Mo ní kí ó gbìyànjú kí ó wọ̀n ọ́n. Ó ní ó lè tó ọdún kan, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀.

Sanmí, láti ìgbà tí o ti lọ, n kò bẹ̀ ọ́ fún nǹkan kan ju pé kí o máa kọ̀wé. Nísinsìnyí mo ń bẹ̀ ọ́. Mú Tèmídayọ̀ wá kí n rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ní èyí tí n ó fi rí i. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ọmọ inú fọ́tò kì í yíjú síni bí a bá pè é. Iṣẹ́ wo gan-an ni o ń ṣe tí wọn kò lè yọ̀ǹda rẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? O kọ ọ́ pé "ẹ̀rọ ńlá." Èmi náà ní ẹ̀rọ. Bí mo bá fẹ́ lọ síbi òkú, mo máa ń pa á.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpèkẹ́.


Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejìlá, 1997.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà yìí. Lẹ́tà yín dé, n kò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ tí mo kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kán egbòogi náà bí dókítà ṣe sọ. Mo mọ̀ yín: ẹ ó máa kán ẹyọ kan dípò méjì kí ìgò lè pẹ́.

Ẹ bi mí ní iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ gígé irin àti dídán irin tí mo kọ́ ní Alákìá, òun náà ni mo ń ṣe níbí. Inú ilé gbọọrọ kan ni ẹ̀rọ náà wà. Bí ẹ bá gbé e wá sílé, yóò gùn láti ṣọ́ọ̀ṣì yín dé odò. Ọ̀pá onírin ni, a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Iná mànàmáná tó ń tan gílóòbù, àwọn horo tí ojú kò lè rí ló ń rìn nínú wáyà rẹ̀. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ yìí a kó àìmọye wọn jọ, a lé wọn gba inú ọ̀pá náà bí ẹni lé agbo ẹran gba ẹnu ọ̀nà tóóró, wọ́n a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ìmọ́lẹ̀. Ní ìkángun ọ̀pá, wọ́n a kọlu àwo irin pẹlẹbẹ kan. Èmi ni mo ń gé àwo náà, èmi ni mo ń dán an. Bí wọ́n bá ti kọlù ú, ìtànṣán kan a jáde lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò àyà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n eléyìí lè la irin tó nípọn bí ògiri kọjá, kó sì ya fọ́tò ohun tó wà nínú rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ibi tí wọ́n ti ń kọlu irin gbọ́dọ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí ó má sì yẹ̀. Bí ó bá fẹ̀, fọ́tò a di kùrukùru. Tiwa a bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, a ṣàdédé fún pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, a sì fọ́n ká. Ọ̀gá mi obìnrin ní nǹkan kan ń ta jáde lójú irin náà, ó ń sá gòkè lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀, ó ń da ìrìn wọn rú. Kò tíì mọ ohun náà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní gba ìsinmi títí ojú ibẹ̀ yóò fi dúró. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé bí ó bá dúró kí Àjíǹde tó dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ sílé.

Ẹ dúró dè mí, Màámi.

Ọmọ yín,
Sanmí.


Abà Ẹlẹ́kùrọ́,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, 1998.

Sanmí Àlàó,

Ta ló sọ fún ọ pé ẹyọ kan ni mò ń kán? Ẹyọ kan náà ni. Ìgò tí kò tó ìka mi, wọ́n ń tà á bí ẹni ta wúrà.

Má rò pé iṣẹ́ rẹ kò yé mi. Ó yé mi débi pé mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Gift, alábàágbé wa. Ó ní, "Irin ni wọ́n ń yà ní fọ́tò? Ṣé irin náà ń ṣe ọjọ́ ìbí ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé nǹkan kan ń ta padà láti ojú irin, tí ọ̀gá rẹ pàápàá kò mọ ohun náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ mi sì ń dúró tì í lójoojúmọ́!

Mo tọ Wòlíì wa lọ. O rántí ọjọ́ ìyàsímímọ́ irinṣẹ́ nínú ìjọ: àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ rẹ̀ wá, aránṣọ a mú sísọ́ọ̀sì, awakọ̀ a wa mọ́tò dé ẹnu géètì, Wòlíì a sì fi òróró kan irin oníkálukú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi kan ẹ̀rọ mi, kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí àfi ìgbà tí bẹ́líìtì já. Tìrẹ nìkan ló kù tí a kò tíì yà sọ́tọ̀. Nítorí náà mo gbààwẹ̀, Wòlíì sì gbàdúrà sórí òróró. Josiah, ọmọkùnrin Ọlọ́runṣògo ará ìjọ wa, tó ń padà sí Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ yín, ló gbé e lọ́wọ́. Mo fi ọ̀rá wé ẹnu ìgò kí ó má baà jò dànù.

Fi kan iwájú orí rẹ àti ti aya rẹ àti ti Tèmídayọ̀. Lẹ́yìn náà kí o fi kan ojú irin yẹn gan-an. Kì í ṣe ara ògiri, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹyọ kan tó. Má fi ṣòfò.

Mo ṣì ń dá àwọ̀ mọ̀. Lánàá mo rí òwú kan tó já lára bùbá Gbọ́njúbọ́lá àbúrò rẹ, mo sì fà á yọ. Inú mi dùn bí ẹni ṣẹ́gun. Àjíǹde kò jìnnà mọ́.

Ìyá rẹ,
Àpèkẹ́.


Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, 1998.

Màámi,

Òróró ti dé. Nígbà tí mo ṣí ìgò náà, òórùn ṣọ́ọ̀ṣì wa kún inú ilé: lọ́fínńdà, àbẹ́là, ẹní tí òjò pa. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo ń sunkún. Títílọpẹ́ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní òróró ni. Ó ní, "Ṣé òróró ló ń pa ọkùnrin lẹ́kún báyìí?" Tèmídayọ̀ gba tirẹ̀ níwájú orí, ó sì tún na orí sí mi kí n tún un ṣe.

Wọn kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ lásán kan àwo irin náà. Ìbọ̀wọ́ ni à ń wọ̀, a sì ń fi ọtí líle nù ún kí ó tó wọ inú ọ̀pá. Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti gbààwẹ̀, ojú yín sì ń lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mo ti nù ún tán, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo fi òróró sí ìka, mo sì fi kan ojú irin náà bí Wòlíì ṣe máa ń ṣe. Mo pe orúkọ yín sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò. Ẹ bá wa gbá iwájú ilé sílẹ̀.

Sanmí.


Abà Ẹlẹ́kùrọ́,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 1998.

Sanmí,

Mo gbá iwájú ilé. Àjíǹde dé, ó sì kọjá.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀bá títì Ẹgbẹ́dá ni mo ń jókòó sí, nítorí bí ẹ bá ti Èkó bọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti dúró, mo ti yọrùn. Ìyá Gift ní, "Ìyá Sanmí, ṣé ẹ ti di agbèrò ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ kan péré ni mò ń pè. Òun náà kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó yá. Ó kó omi fún mi, ó sì jókòó tì mí.

Ẹni tí kò ní wá a máa kọ̀wé pé òun kò ní wá. Sítáḿpù kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ojú irin gan-an ni o fi òróró kàn, àbí o fi pamọ́ torí pé ojú àwọn òyìnbó ń tì ọ́? Sọ òtítọ́ fún mi.

Bí mo bá na ọwọ́ síwájú, mo ṣì ń rí i. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, n kò rí ìka lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Àpèkẹ́.


Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, 1998.

Màámi,

N kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n sọ òtítọ́.

Ojú irin gan-an ni mo fi kàn. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí iná ṣe kọlu irin, ojú ibẹ̀ kò tilẹ̀ dúró rárá, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló fọ́n ká, ó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fọ́tò tó jáde dà bí ìwé tí omi dà sí. Ọ̀gá mi yọ àwo irin, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó rí ìyókù òróró léteetí ibi tó jó. Ó kó gbogbo wa jọ, ó ní, "Ọwọ́ ta ló kan èyí?" Mo nàwọ́ sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ẹ̀yin, ti Wòlíì, ti ìgò. Mo ti ń ro bí n ó ṣe di ẹrù mi. Ó wá ní, "Ìyá tèmi náà a máa wọ́n omi mímọ́ sára mọ́tò mi. Ṣùgbọ́n kì í dà á sínú ẹ́ńjìnnì." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

Ó ṣàlàyé fún wa pé horo kan wà nínú òróró tó fúyẹ́ ju ohunkóhun lọ. Ó wà nínú omi, ó sì wà nínú òógùn ọwọ́. Bí iná bá ti kan irin, ooru a lé e kúrò lójú irin, òun ló sì ń sá gòkè lọ da àwọn tó ń bọ̀ rú. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí ojú kò rí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin láti inú afẹ́fẹ́ bí a tilẹ̀ nù ún, òun ló ti ń yọ wá lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti òróró wa pọ̀ débi pé kò lè fara pamọ́. Nísinsìnyí a ó máa yan àwo kọ̀ọ̀kan nínú ààrò tí kò ní afẹ́fẹ́ kí a tó lò ó. Ṣùgbọ́n ààrò kò tíì sí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, gbogbo ìdánwò yóò sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìsinmi mi di oṣù Kejìlá. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní bí mo bá lọ báyìí, ẹlòmíràn ni yóò wà láyè mi kí n tó dé, iṣẹ́ yìí sì ni ìwé ìgbélùú wa so mọ́.

Ẹ má bínú sí ara yín. Ọwọ́ mi ló kan irin.

Sanmí.


Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ, 1998.

Màámi,

Ẹ kò fèsì. Mo kọ̀wé sí yín lóṣù Kẹfà, mo tún kọ lóṣù Keje. Mo tẹ Gbọ́njúbọ́lá láago níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n wà." Mo ní báwo ni ojú wọn? Ó tún ní, "Wọ́n wà." Mo bi í pé ṣé ẹnu rẹ̀ ló ń dùn ún. Owó fóònù tán kí ó tó dáhùn.

Ṣé ẹ ń bínú sí mi? Ẹ bú mi, màá kà á. Tèmídayọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Màmá Ẹ̀rọ ló ń pè yín. Tí ó bá ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, a sá lọ sójú fèrèsé, a ní, "Màmá Ẹ̀rọ dé!" Èmi náà a sì wo ìta bí òmùgọ̀.

Sanmí.


Abà Ẹlẹ́kùrọ́,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, 1998.

Sanmí,

Mo wà. N kò bínú sí ọ.

Mo ń kọ ọ́ gàdàgbà, ìwé ń ṣòfò, nítorí náà n kò ní pẹ́. Ojú wà bí ó ṣe wà. Má sáré. Má fi ìwé ìgbélùú yín ṣeré. Jẹ́ kí ibẹ̀ dúró dáadáa kí o tó wá. N kò gbàdúrà sórí irin mọ́, ẹ̀yin nìkan ni mò ń gbà á fún.

Bá mi kí Tèmídayọ̀. Ní kí ó tún un pè.

Àpèkẹ́.


Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, 1998.

Màámi,

Ó dúró!

Lọ́jọ́rú, a fi àwo tí a ti yan sínú ọ̀pá, ojú ibẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fẹ̀, kò yẹ̀. Ọ̀gá mi jó. Kò mọ ijó rárá, ṣùgbọ́n ó jó. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, "Lọ rí ìyá rẹ." Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ti àárọ̀ kùtùkùtù tí kò wọ́n. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dé.

Ẹ ṣáà ti wọ aṣọ funfun yín. Mo ti fi yín han Tèmídayọ̀ nínú fọ́tò, ó ní òun fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń rìn. Kò ní pẹ́ mọ́, Màámi. Ẹ ó fojú yín rí i.

Sanmí.


Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìíní, 1999.

Màámi,

A padà dé láyọ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí, mo fà á ya, mo tún un kọ.

Ẹ dúró lẹ́bàá títì nínú aṣọ funfun. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé Tèmídayọ̀ sókè, mo ń juwọ́ sí yín. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń juwọ́ padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn tó ti kọjá lọ ni ẹ ń juwọ́ sí.

Níwájú àwọn èèyàn n kò lè bi yín, nínú ilé náà n kò rí ẹnu bi yín. Gbogbo ọjọ́ tí a lò, ẹ ń yin aṣọ ọmọ náà, Gbọ́njúbọ́lá sì ti sọ àwọ̀ rẹ̀ sí yín létí. Nísinsìnyí mo ń bi yín. Ìgbà wo ni ojú yín lọ tán? Gbọ́njúbọ́lá ní ẹ mú òun búra. Bí ẹ bá ti sọ fún mi, ǹ bá ti jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́, ìwé, ohun gbogbo. Kí ni ìwé ìgbélùú jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín? Ẹ dá a rò fún mi, ẹ kò bi mí léèrè. Ó ń dùn mí, Màámi.

Sanmí.


Abà Ẹlẹ́kùrọ́,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 1999.

Sanmí Àlàó ọmọ mi,

Gbọ́njúbọ́lá ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ń sunkún lé e. Mo ti kìlọ̀ fún un kí ó má ba ìwé jẹ́.

O ní ìgbà wo. Oṣù Kẹfà ni, lásìkò òjò. Mo jí, mo rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, mo jókòó dè é. Àwọn oníbàárà dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń gbé agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n ń kí mi pé ẹ káàárọ̀. Mo ń dá wọn lóhùn, mo sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́.

Lẹ́tà rẹ tó sọ nípa òróró ni mo fi ojú ara mi kà kẹ́yìn. Mo wá rò ó pé èmi ni mo fi òróró ránṣẹ́, èmi ni mo ní kì í ṣe ara ògiri. Bí mo bá tún ké sí ọ kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, àdánù náà á di méjì, á wá kan ọmọ tí kò mọ̀dí. Mo ní kí ó mọ sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà oṣù Kẹwàá, Gbọ́njúbọ́lá ló ń gbé rúlà sórí ìwé fún mi. Bí mo bá kọ ìlà kan tán, ó sún un wálẹ̀. O ní mo dá a rò fún ọ. Òótọ́ ni. Bínú sí mi bí ó ti tọ́, n kò ní bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ṣe wí pé n kò rí ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí ìwọ àti aya rẹ lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ ka ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Iwájú orí baba rẹ tó ti sùn nínú Olúwa ni, ó yọ síta díẹ̀. Ipéǹpéjú rẹ̀ gùn. Ti Títílọpẹ́ nìyẹn, kò sí irú rẹ̀ nílé wa. Etí òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ lójú ti rí ìyẹn? Mo tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, ìka rẹ̀ tó gùn jù dé ìdajì tèmi. Ó jí, kò sunkún. Ó di ìka mi mú, ó ní, "Màmá Ẹ̀rọ, tún un ṣe." Mo tún un ṣe láti òkè.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni pé ọmọdé ń dàgbà. Èyí tí ọwọ́ mi mọ̀ ti ń yí padà níbẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, n kò sì sí níbẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó dìde, mo máa ń na ọwọ́ sílẹ̀ lórí ẹní, mo ń ro bí tirẹ̀ yóò ṣe gùn tó, mo ń fi díẹ̀ kún un. N kò mọ̀ bóyá mo ti ń fi kún un jù. Ẹ mú un wá, kí n tún un wọ̀n.

Ìyá rẹ,
Àpèkẹ́.